Ìka Tí A Kò Kùn

Òjò ni, òjò ni, òjò títí wọ Oṣù Kẹta
ní Cwm Helyg, níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta pẹlẹbẹ bolé,
tí òkè dúdú jókòó ti ìlú bí àgbà tó ń bínú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé: ère ọmọ ogun wa ń sunkún.
Ọ̀gbẹ́ni Prosser ní kí n pa á rẹ́,
kí n kọ "ìpẹtà aláwọ̀ ewé, láti ojú dé àgbọ̀n."
Mo pa á rẹ́.
Ẹkún náà ni mo rí.

Ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó ti dúró síbẹ̀,
akoto lórí, ìbọn dojú délẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀,
ẹsẹ̀ kan ṣíwájú èkejì
bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé.
Orúkọ mọ́kànlélógójì ló wà lábẹ́ bàtà rẹ̀.
Evans mẹ́fà, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan,
ìyá tó ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀ títí ó fi kú,
tí kì í gbójú sókè,
ilẹ̀ nìkan ló ń wò.

"Ẹ jẹ́ ká fi iyanrìn ha á," ni Prosser wí,
"kó máa dán yanran, káwọn àlejò rí nǹkan yà ní fọ́tò."
Nesta Gethin, tí a ránṣẹ́ pè láti etí òkun,
wọ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́ kan orúnkún ère bíi dókítà.
"Kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀," ló ní.
"Ẹ bá ha á, awọ rẹ̀ lẹ ń bó."

Ó gbé omi jáde, omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú,
òwú, búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀,
igi tín-ín-rín bí ìtayín.
Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Mo mọ iye rẹ̀,
nítorí èmi ni mo ń gbé tíì lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀dà dúdú yọjú,
ọ̀dà ilẹ̀kùn, ó nípọn bí èèpo igi,
láti bàtà títí dé orúnkún.
"Ta ló ṣe èyí?"
Gbogbo wa wo ilẹ̀.
Idwal Tegid dìde lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún:
"Èmi ni. Ọmọkùnrin ni mí nígbà náà.
Ọ̀dà ṣẹ́kù lára ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.
Mo rò pé òtútù ń mú un."

Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì.
Mo ti fẹ́ sọ ọ́ jáde, mo gbé e mì,
nítorí Nesta ti na ọwọ́ sí bàbá náà,
ó fà á gun àtẹ̀gùn méjì,
ó fi igi ìtayín ṣí ọ̀dà díẹ̀ sí i.
Bàtà! Ojú abẹ́rẹ́ lára awọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni pé àná ni alágbẹ̀dẹ gbé e sílẹ̀.
"Láti orúnkún sókè, òjò ti jẹ gbogbo rẹ̀," ló ní.
"Ọ̀dà yín ló ṣọ́ èyí."
Ó sì tọ́ka: okùn bàtà òsì ti tú.
Alágbẹ̀dẹ ló ṣe é bẹ́ẹ̀.
Ọgọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó rántí.
Idwal rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì parí sí ẹ̀rín.

Ó wá ku ìka.
Ìka kékeré ọwọ́ òsì, tó rọ̀ sílẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ ọmọdé tó.
Kò sẹ́ni tó lọ sílé ìwé níbí tí kò dì í mú rí.
Ó ń dán bí wúrà.
Prosser ní kó bá ara yòókù dọ́gba.
A dìbò: mẹ́jọ sí ọ̀kan.
Wọ́n yọ́ ìda gbígbóná sí gbogbo ara rẹ̀,
wọ́n fo ìka náà.

Lọ́jọ́ tí a tú àgbékà irin, òjò tún dé,
omi ń yí bọ́ lára rẹ̀ bíi ti ara pẹ́pẹ́yẹ.
Mali, ọmọ ọdún méje, di ìka náà mú,
ó bojú wolẹ̀, ó sì sọ fún un pẹ̀lẹ́ pé,
"Okùn bàtà yín ti tú o."

N kò kọ ìyẹn sínú ìwé ìpàdé.
Ibí ni mo kọ ọ́ sí.